Yí I, Yí I Ká

Lọ́dún tí wọ́n ti bọ́dà pa, kì í ṣe igi ló wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ílàró, èèyàn ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo ń retí: ìyá àgbà kan ní Ìpóbẹ̀, ní òdìkejì bọ́dà lọ́hùn-ún, fẹ́ àga. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ti ṣẹ́ mọ́ ọn nídìí, ló fi ń tiro. Kí bọ́dà tó tì, á gun ọ̀kadà wá, á da àga dojú bolẹ̀ kó tó kí mi kú iṣẹ́. Bí kò bá wo ìdí, kò ní gbà á. Báwo la ó ti wá ṣe é?

Ọmọ mi obìnrin, tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé, ní kò le. Ó ya àga náà lọ́nà tí èèyàn fi lè yí i lójú kọ̀ǹpútà, ó sì gbé máòsì lé mi lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ yí i."

Mo fẹ́ wo apá òsì, mo fa máòsì sósì. Àga kọ apá ọ̀tún sí mi.

"Àga lẹ ń yí, Bàbá, kì í ṣe ara yín."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń kàn án, èmi ni mo ń yí i ká. Àga kì í rìn ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Ó fún mi ní padì tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Ìyẹn tún burú: àtàǹpàkò mi tí òòlù ti sọ di igi kàn án báyìí, àga ń pòòyì bí òkòtó. Orí fóònù lara ti tù mí, ìka kan péré, bí ẹni ń fọwọ́ ra pákó wò bóyá ó ti dán. Àmọ́ ìka náà a máa bo ohun tí mo fẹ́ wò. Ká sòótọ́, máòsì sàn fún wíwo oríkèé kékeré.

A fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá. Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti dà á dojú bolẹ̀, àbúrò. Ìdí rẹ̀ ń dán bí orí apárí. Igi ìdábùú dà? Àbí àwòrán ni n ó jókòó lé?"

Ọmọ mi wò mí. Kò ya ìsàlẹ̀, ó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Èmi tí mo ti ń yí i láti àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni mo yí. Ẹni tó ń yí nǹkan ká lórí ìdúró kì í dé abẹ́ rẹ̀.

A ya igi ìdábùú sí i, a tún fi ránṣẹ́. Mo tún pè é. Ó fi Faransé àwọn ará ọ̀hún sọ pé òun gbà.

"Dákọ̀. Kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí bọ́dà, n ó tún fọwọ́ ara mi dà á."