Ìbéèrè Kan Lórí Owó Orí ní Alabar

Lọ́dún tí òjò ba Moshie Zongo, àdúgbò wa ní Kùmásí, jẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ owó orí wá bẹ̀ mí pé kí n ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Wọ́n fẹ́ la ìdí tí ìjọba fi ń gba owó orí yé àwọn ọlọ́jà Yorùbá tó wà ní ọjà Alabar. Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, Twi tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò le lẹ́nu mi, ilé kéwú kan ní Sawaba ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Mo gbà.

Iwájú mọ́sálásí la tẹ́ ẹní sí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ń sọ Twi, èmi ń sọ Yorùbá. Ó ní owó orí ló ń la títì, òun la fi ń sanwó nọ́ọ̀sì, òun la fi ń gbẹ́ gọ́tà. Mo fi tèmi kún un: "Ẹ wo agboolé tí à ń gbé. Bí ṣáláńgá bá kún, gbogbo ayálégbé ló ń dáwó kí wọ́n tó gbọ́n ọn. Ẹni tó bá sá, ìgbẹ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Ìgbà náà ni bàbá kan tó ń ta àgádágodo dìde. Mo mọ̀ ọ́n, Moshie Zongo la jọ ń gbé.

"Ọmọ mi, bá mi bi wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọdún tí mi ò sanwó. Gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé mi dí. Mo lọ sọ, mo tún lọ sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò yẹn, ìyàwó mi jáde lọ kó aṣọ tó sá, omi gbé e lọ. Abẹ́ afárá ni wọ́n ti rí i. Èwo nínú owó mi ni wọn ì bá fi gbẹ́ gọ́tà yẹn?"

Ojú tì mí níwájú àwọn àlejò. Mo yíjú sí ọ̀gá, mo sọ ní Twi pé bàbá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún gọ́tà ṣe. Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Bàbá wò mí. "Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn? Ogójì ọdún ni mo ti ń tajà fún àwọn elédè Twi. Mo ní kó o bá mi sọ ọ́ nítorí ó wúwo lẹ́nu mi ni."

Ló bá fi Twi tún un sọ fúnra rẹ̀, títí kan aṣọ tó sá.

Ọ̀gá ṣí fìlà. "Due, Nana, due," ó ń bá a kẹ́dùn. Ó ní òun ò ní parọ́: òun ń gbowó ni, òun kọ́ ló ń ná an. Àwọn tó ń sá fún owó orí kò jẹ́ kó tó, èyí tó sì wọlé, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ìdí iṣẹ́. Ó ní ká kọ̀wé, òun á mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Ó ní kí n dìde, ká kọ lẹ́tà. A kọ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ dé lóòótọ́, wọ́n gbẹ́ gọ́tà dé igun mọ́sálásí àdúgbò wa, kò tíì dé ẹnu ọ̀nà bàbá, ni wọ́n bá dúró. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì tán. Wọ́n ti gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ìlú mìíràn.

Bàbá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sanwó orí. Mo bi í pé kí ló dé.

"Bí mi ò bá san, ẹnu wo ni màá fi bi wọ́n?"

Òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ọlọ́mọ méjì ló gba yàrá tí bàbá kó kúrò. Ó ti to àpò iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà.