Ooru Àpáta Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní wíwa ọkọ̀ òfuurufú fi ìbòjú bò mí lórí, kí n má baà rí ìta mọ́, àfi àwọn aago iwájú mi tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń lọ hàn. Òrí tí mo fi para nítorí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lábẹ́ rẹ̀, ni mo bá tún bá ara mi ní kékeré, lọ́nà oko wa ní Boni, tí èmi àti ìyá mi àgbà ń bọ̀ wálé.

Ọ̀sán ni. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká yà sósì!" Mo ti ń sunkún.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú gèlè wọn tó ń rùn fún òrí, wọ́n fi dì mí lójú.

"Ojú ẹ ló ń dẹ́rù bà ẹ́. Àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí ti yá oòrùn láti àárọ̀. Jẹ́ kí ooru ẹ̀ máa kàn ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Bí o bá ti tẹ ewé gbígbẹ igi kajú, o ti yà kúrò lọ́nà nìyẹn."

Wọ́n di èjìká mi mú, mo ṣíwájú. Nígbà tá a délé, wọ́n pariwo fún gbogbo agbo ilé pé èmi ni mo mú àwọn wálé. Àyà mi ga bí òkè Ṣábẹ̀ẹ́.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé Màmá fúnra wọn ò ríran mọ́ nígbà yẹn.

Nínú ọkọ̀, ara mi ń sọ pé a ti ń yà sósì. Aago ní rárá. Mi ò yí ọwọ́ padà. Nígbà tí ọ̀gá ṣí ìbòjú, pápá ìbalẹ̀ nà gbọọrọ níwájú wa.

"Ta ló ti kọ́ ẹ ṣáájú mi?"

"Ìyá mi àgbà ni."

"Irú ọkọ̀ wo ni wọ́n ń wà?"

Mo ní, "Èmi."