Ọwọ́ Ọ̀tún Ọ̀gá Ràṣákì

Ọ̀gá mi ní Ìkòròdú ló sọ mí di amí. Ó ní kí n lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí n lọ wò ó bóyá Ràṣákì tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń purọ́ fún wa. Ọkùnrin náà ra adójútòfò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ wa, kì í ṣe ti ikú o. Ti òṣìṣẹ́ tí jàǹbá tàbí àìsàn bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni: a ó máa san díẹ̀ nínú ohun tó ń rí lóṣù fún un títí yóò fi lè ṣiṣẹ́ padà. Pákó ńlá kan ló já lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní òun kò lè di òòlù mú mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, ẹnì kan wá pè wá lórí fóònù pé irọ́ ni.

Mo múra bí oníbàárà, mo ra ọsàn mẹ́ta lọ́nà. Mo bá a lórí àpótí létí ọ̀sà, ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja nítòsí.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ rà."

"Irú èwo?"

N kò mọ̀ pé ó ní irú. Mo ní, "Èyí tó ń léfòó."

Ó wo bàtà mi. Kó tó lanu, mo ju ọsàn kan sí i lápá ọ̀tún. "Ẹ gbà á, bàbá!" Ọwọ́ náà gbéra, ó gbọ̀n, ọsàn gbá a láyà, ó yí gbiri bọ́ sómi.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màdáàmù ìnṣọ́ránsì, ó ku méjì. Ṣé ẹ ó jù wọ́n ni, àbí kí n bá yín bó wọn?"

Ojú tì mí. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ta ló ń wọ bàtà gogoro wá ra ọkọ̀?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ òun lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta kò mú nǹkan kan.

Ó ní, "Owó yín ni kò jẹ́ kí n ta ayùn mi. Bí mo bá tà á, tí ara wá yá, kí ni màá fi ṣiṣẹ́?"

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo kọ ọ́ fún ọ̀gá mi pé òótọ́ ló sọ. N kò kọ ti ọsàn.

Ó lé lọ́dún kan kí Ràṣákì tó pè mí. "Màdáàmù, ẹ má san owó yẹn mọ́ o. Ọwọ́ òsì ti mọ iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọkọ̀ kan tán, wọ́n ti wà á lọ sí Agbowa."

Èmi àti ọ̀gá mi tú gbogbo fáìlì. Fọ́ọ̀mù wà fún ẹni tó ń bèèrè owó, ó wà fún ẹni tó ń ráhùn, ó wà fún ẹni tó purọ́. A kò rí ti ẹni tó ní ó tó. Mo mú ìwé funfun kan, mo kọ "Ó tó" sí i gàdàgbà, ọ̀gá mi sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì.