Àga Pupa tí Àǹtí Yàn

Títí dòní, inú máa ń bí mi tí òórùn awọ tuntun bá ta sí mi nímú. Ó máa ń rán mi létí ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, níbi tí bàbá mi ti mú mi lọ ra àga méjì sínú ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì wọn àtijọ́. Màmá mi ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ra èyí tó ga, torí ẹ̀yìn ń dun òun.

Obìnrin kan ti ń dúró dè wá níbẹ̀. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀ kí Àǹtí. Ó jókòó sínú àga pupa kan tó rẹlẹ̀ bí àpótí ìdáná, ó ń mi ẹsẹ̀.

"Èyí wù mí jàre."

"Màmá ní èyí tó ga," mo sọ wẹ́rẹ́.

Oníṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. "Alhaji, ẹ ò sọ pé ẹ mú ọlọ́pàá wá!"

Bàbá fà mí létí. "Tí wọ́n bá bi ẹ́, ìwọ lo yàn án."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé obìnrin yẹn ló ń jókòó sínú àga náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tí màmá mi bá ti lọ sọ́jà.

Nílé, màmá mi di ìbàdí mú, wọ́n rọra jókòó sínú àga pupa náà nínú ọkọ̀, ojú wọn hunjọ.

"Ta ló yan èyí?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. "O ṣeun, ọmọ mi. Ó dáa."