Ojú Tó Fẹ́ Rí Òkun

Òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní Bajulaiye láàárọ̀ nígbà tí mò ń sọ yìí. Kí o tó rí ẹnikẹ́ni, imú rẹ á ti sọ fún ọ pé Ṣómólú lo wà. Ilé ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí tábìlì tí a ti ń ká ìwé ni wọ́n fi mí sí. Bí ìwé bá ti jáde lára ẹ̀rọ, èmi ni mo máa ń ká a sí méjì, sí mẹ́rin, tí mo máa ń tò ó jọ. Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé mo lè máa ká a kí n máa tòògbé. Ayé ológun ni, ayé SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí ọ̀gágun kan máa ń bọ́ sórí rédíò tí yóò ní kí gbogbo ọmọ ìlú fún ìgbànú mọ́ ìdí. Ìyá mi á kọjú sí rédíò náà, á ní, "Ìgbànú tèmi ti kan eegun. Kó wá bá mi fún un tó bá dá a lójú."

Aránṣọ ni ìyá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti bàbá mi ti wá sí Èkó, kí bàbá mi tó kú, tó ku èmi àti òun. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni; ó mọ orin, ó sì mọ ìjà. Ọdún yẹn ni kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó kọ́kọ́ bú òwú, ó bú abẹ́rẹ́, ó bú àwọn oníná tí wọ́n ń mú iná lọ. Nígbà tó wá ń fi èjìká gbá òpó ilé tó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́, mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà tan iná sí i lójú títí, ó ní omi inú ojú ló ń fún iṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀, pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí wọ́n máa ń kán sójú tó lè dá èyí tó kù dúró. A ní kó fún wa. Ó ní kò sí. A wá a ká Yábàá, a wá a dé Ìdúmọ̀tà, àwọn olóògùn ń mi orí sí wa. Oògùn òkèèrè ni, SAP ti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ tí a jáwọ́ nínú wíwá, èmi ni mò ń sunkún, òun kò sunkún. Ó na ọrùn sókè, ó ní, "Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù." Òwe tó máa ń pa nìyẹn bí ìyà bá ti fẹ́ gbé e ṣubú. Ó tún rìn díẹ̀, ó dúró sójú títì, ó ní, "Àbí irọ́ kọ́ ni mo ti ń pa láti ọjọ́ yìí? Èmi tí mi ò rí òkun rí!"

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sà ló mọ̀, èyí tí Bàrígà wà létí rẹ̀, níbi tó ti máa ń lọ ra ẹja ní Ìlàjẹ. Ó ti pẹ́ ní Èkó, kò sì fi ojú kan òkun rí. Èmi tí wọ́n bí sí Èkó gan-an kò rí i. Ilé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ibẹ̀ ni Èkó tálákà mọ. Ìyá mi ní kí n gbọ́ ohun tí òun ń sọ o: bí ojú yìí bá máa lọ, kó lọ, ṣùgbọ́n kò ní lọ kó má rí òkun.

Àfi bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ. Kò pẹ́ sí i ni iṣẹ́ kan wọ ilé ìtẹ̀wé wa, ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ń polówó erékùṣù kan tó wà níbi tí ọ̀sà ti bọ́ sínú òkun. Àwọn tó fẹ́ lọ lo ìsinmi ni wọ́n ṣe é fún. Àwòrán igi àgbọn wà níbẹ̀, àti iyanrìn funfun, àti ilé gogoro tí iná rẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi, àti òyìnbó kan tó dùbúlẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àlejò fúnra rẹ̀ yan ibi tó bá wù ú láti rí. Yíyàn yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Nígbà náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń ní kí a yàn. Wọn kò ní kí a yan ẹni tí yóò ṣe olórí wa. Oúnjẹ pàápàá, èyí tí a bá rí la ń jẹ. Mo wá ń ká ìwé tó ní kí ènìyàn yàn, mo ń ká a fún ẹlòmíràn, inú sì ń bí mi.

Mo lọ bá ọ̀gá wa, mo ní mo fẹ́ gba lííbù, ìsinmi ọjọ́ kan péré.

"Lííbù kẹ̀? Nínú SAP yìí? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ mú ìyá mi lọ wo erékùṣù inú ìwé yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ náà fẹ́ di tóòrísìtì! Wò ó, àwọn kan wà tó ń lọ síbẹ̀, àwọn kan sì wà tó ń ká ìwé wọn. Lọ ká ìwé, jàre. Tó o bá lọ, má padà wá o."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin náà gbọ́, ó wá láti Múṣin wá bá wa wí. Ó ní òun kò tíì rí irú èyí rí, pé ẹni tí ojú ń dùn ń wá fàájì kiri. "Orí òkè àdúrà ló yẹ kó o wà," ló wí fún ìyá mi.

Ìyá mi dá a lóhùn wọ̀ọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gun òkè náà. Ojú tiyín mọ́lẹ̀, ẹ ó rí ọ̀nà. Ọlọ́run tó dá òkè ló dá òkun, ẹ jẹ́ kí n lọ kí i níbẹ̀."

Ìwé pélébé náà kò ṣeé mú jáde, nítorí ọ̀gá wa mọ iye tí wọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó bàjẹ́ máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, àwọn alákàrà Ṣómólú ló ń wá kó wọn láti fi di àkàrà. Mo fa ọ̀kan yọ, mo mú un relé. Àṣé ohun tí mo rí nílé lẹ́yìn ìwé náà ni yóò da orí wa rú. Àwòrán kan gba gbogbo ojú ẹ̀yìn rẹ̀: omi ńlá kan tó ń já bọ́ láti orí àpáta gíga, tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí igbó dúdú yí i ká. Ìyá mi gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún kó lè rí i tán, nítorí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ti lọ. Ó ní, "Ta ló ń da omi yìí, tí kì í rẹ̀ ẹ́?"

Ọkùnrin kan ní Ìlàjẹ tó máa ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó ẹja, tí ìyá mi jẹ́ oníbàárà ìyàwó rẹ̀, ló gbà láti gbé wa lọ sí erékùṣù náà. Ó ní òun á lọ já ẹrù lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n òun kò ní lè dúró pẹ́. "Màmá, ibì kan ṣoṣo lẹ lè rí o. Tí oòrùn bá ti yí, afẹ́fẹ́ á dìde lórí omi. Ṣé ẹ̀gbẹ́ òkun ni kí n já yín sí, àbí ẹ̀gbẹ́ abúlé níbi tí igbó wà? Ẹ mú ọ̀kan."

"Òkun," ni ìyá mi wí.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, òkun ò lọ ibì kan. Omi orí àpáta yẹn ni kò wọ́pọ̀. Kí ló wà létí òkun? Iyanrìn àti omi náà ni, bíi Ìlàjẹ yìí náà ni." Èmi tí mi ò rí òkun rí ni mò ń júwe rẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ìyá mi wo ọwọ́ mi tí mo fi di ìwé mú. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ tí ojú rẹ ń kàwé, máa mú wa lọ." Mo wá sọ fún ọlọ́kọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ igbó ni, n kò sì fi àwòrán hàn án, nítorí mi ò fẹ́ kó rò pé a jẹ́ ará oko.

Aṣọ ọdún Àjíǹde ni ìyá mi wọ̀. A gba abẹ́ afárá ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà kọjá, ó ń yí orí láti ka òpó rẹ̀, ó ń bi mí pé èyí wo ni òun ò rí. Nígbà tí a dé erékùṣù náà, a wọ àárín igi àgbọn, a rìn, a rìn, a kò rí òkè, a kò rí àpáta. Oòrùn ti ń gun orí. A bá obìnrin kan níbi tó ti ń sá ẹja, mo kí i, mo na ìwé sí i, mo bi í pé níbo ni omi yìí wà.

Ó wò ó, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Ó ní, "Àpáta kẹ̀, àǹtí? Òkúta tí a fi ń fọ́ àgbọn gan-an, Èkó la ti ń gbé e wá!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni mo tó tẹjú mọ́ etí ìwé náà, mo rí orúkọ ìlú olókè kan tó jìnnà sí Èkó, lẹ́tà wínníwínní. Kàlẹ́ńdà tí a tẹ̀ fún wọn lọ́dún tó kọjá ni. Ìwé ti wọ́n nítorí SAP, àwọn tó ń darí ẹ̀rọ kì í fi ìwé tuntun dán ẹ̀rọ wò mọ́. Ẹ̀yìn iṣẹ́ àtijọ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n máa ń tẹ iṣẹ́ tuntun sí títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi gún. Iwájú jẹ́ iṣẹ́ kan, ẹ̀yìn jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mò ń rí i! Ẹni tí kò wọ ilé ìtẹ̀wé rí lè ṣi í mú, ṣùgbọ́n èmi? Mo jókòó sórí iyanrìn, mo bú sẹ́kún. Ojú ìyá mi ni mò ń sunkún sí, ojú tó kù díẹ̀, tí mo wá fi wá ohun tí kò sí.

Ìyá mi fi ẹsẹ̀ tọ́ mi. "Ta ló kú? Dìde jàre. Òkun dà?"

Obìnrin ẹlẹ́ja náà ní, "Màmá, ẹ ò gbọ́ ariwo rẹ̀ ni? Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yìn àgbọn wọ̀nyí ni."

Mo ti ń gbọ́ ariwo kan láti ìgbà tí a dé, ẹ̀rọ ni mo pè é. A gun iyanrìn kan tó ga díẹ̀, a bọ́ sí gbangba, òkun sì wà níbẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo ti rò pé yóò tẹ́jú bí ọ̀sà. Kò tẹ́jú. Ó ń dìde láti ọ̀nà jíjìn, ó ń ga, ó ń ga sí i, ó wá ń wó lulẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ń fọ́ funfun, òmíràn sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi bọ́ bàtà. Ó wọ inú omi náà dé orúnkún pẹ̀lú aṣọ ọdún rẹ̀, ó ń yí orí láti apá ọ̀tún dé apá òsì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ká aṣọ gígùn tí kò fẹ́ kí apá kan ṣẹ́kù. Ó ní, "Kò ní òdìkejì!" Ó tún ní, "Wá wò ó, omi rẹ tó ń já bọ́ nìyí! Kò tiẹ̀ bẹ àpáta kankan kó gbé òun dúró."

Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi gidi. Inú bí mi sí àwọn tó ní kí a fún ìgbànú, sí oògùn tí kò sí, sí ọ̀gá tó mọ ẹni tó yẹ kó lọ àti ẹni tó yẹ kó ká ìwé. Ohun tó tóbi tó báyìí wà nítòsí wa ní gbogbo ọjọ́ ayé wa, kò sì sẹ́ni tó lè tì í mọ́ ilé. A dúró níbẹ̀ títí ọlọ́kọ̀ fi wá ń pariwo pè wá.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣẹ, afẹ́fẹ́ dìde lójú ọ̀sà nígbà tí a ń padà. Ọkọ̀ ń fò, omi ń bù wọlé, ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ń pe Jésù, èmi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo di ojú. Ìyá mi jókòó gbọnrangandan, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba nǹkan rẹ̀ padà.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin mìíràn ti jókòó sídìí tábìlì mi. Ọ̀gá wa ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ sà. Lííbù tí mo tọrọ lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́, mo ti gbà á." Mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, mo sì sọdá títì. Ilé ìtẹ̀wé kì í ṣe ẹyọ kan ní Ṣómólú, kí oṣù náà tó parí, mo ti ń ká ìwé fún ẹlòmíràn.

Ojú ìyá mi lọ tán nígbẹ̀yìn, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ohùn àánú kí i, tó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà," á bi í pé, "Ṣé o ti rí òkun rí?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní àwọn kò tíì rí i. Ìyá mi á ní, "Èmi ti rí i. Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Lọ́dún tó kọjá, dókítà tan iná sí ojú tèmi náà, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ rí. Oògùn ìkánsójú wà lónìí fún ẹni tó bá lágbára rẹ̀, mo sì ń kán an láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n rọra jókòó sílé, pé kí ni mo tún fẹ́ rí. Mo ti yàn. Omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ni, ní ìlú olókè tí mo rí orúkọ rẹ̀ létí ìwé nígbà náà, èyí tí ìyá mi kò rí. Wọ́n ní ọ̀nà ibẹ̀ ń yọ̀, wọ́n ní òkè rẹ̀ ga, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ṣèpàdé lé e lórí. Mo ní kí wọ́n máa ṣèpàdé wọn lọ, ẹni tó bá fẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú kó wá. Èmi ti gba lííbù.