Ọwọ́ Tó Dirun Igogo

Ùsọ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ni Màmá Monica Adébùsọ́lá kú sí, nínú bọ́ọ̀sì, orí wọn lórí itan ọmọ wọn. Wọn kò délé, wọn kò dé Ọ̀wọ̀. Àwọn tó ránṣẹ́ pè wọ́n lọ sí Àkúrẹ́ ti ń jẹ ìrẹsì nígbà náà. Mo gbọ́ pé ẹran orí ìrẹsì ọ̀hún tóbi dáadáa. Ẹ jẹ́ ká bá wọn dúpẹ́.

Ta ni Màmá Monica? Ẹ̀yin tí ẹ ń gba títì lọ sí Àkúrẹ́, ẹ ti rí iṣẹ́ wọn. Pátákó ńlá kan wà ní àbáwọlé ìlú náà. Orí ìjòyè kan ló wà níbẹ̀, wọ́n dirun fún un bí obìnrin, iyùn kún ọrùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni “Àkúrẹ́, Orírun Àṣà.” Àkúrẹ́ èwo? Ìjòyè Ọ̀wọ̀ ni, irun ọdún Igogo ni, Màmá Monica ló sì dì í. Nínú àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ yà, ọwọ́ Màmá wà lórí irun náà, pẹ̀lú òrùka tí Fadá fi so wọ́n pọ̀ mọ́ ọkọ wọn. Wọ́n gé ọwọ́ dànù, wọ́n mú irun lọ.

Ó ti mọ́ wa lára. Wọ́n hú ère amọ̀ jáde nílẹ̀ wa ní Ùgbò Lájà, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé ni pé ó jọ ti Ifẹ̀. Àwọn baba wa gbẹ́ eyín erin, eyín erin sọdá òkun, wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ Bìní. Ààfin wa ní àgbàlá púpọ̀ débi pé àlejò lè ṣìnà nínú rẹ̀, mélòó nínú yín ló ti mú ọmọ yín wá wò ó? N kò bá Àkúrẹ́ jà o. Olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa ni, ó yẹ kó ní ọ́fíìsì. Ṣé ọ́fíìsì ló wá di baba ńlá wa ni?

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Igogo, ọdún Ayaba Ọrọ̀nṣẹn ni. Ayaba bínú sá kúrò láàfin, gèlè rẹ̀ ni àwọn tó ń wá a rí he. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi dé fìlà, tí a kì í fi wé gèlè lásìkò ọdún náà, tí a kì í sì lu ìlù. Agogo nìkan là ń lù. Gbangba ni orí kálukú máa ń wà, ẹni tó ń dirun kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Mo rántí àwọn ìjòyè tí ìlú ń wárìrì fún, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ Màmá bí ọmọ iléèwé. Ẹni tó bá mira, Màmá á fi òòyà gbá a létí. “Jókòó jẹ́ẹ́! Ṣé ìpàkọ́ wíwọ́ lo fẹ́ gbé lọ bá Ayaba?” Ìjòyè á rọra jókòó. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ọ́fíìsì àṣà ìjọba ní Àkúrẹ́ pe Màmá pé kí wọ́n wá dirun níwájú àwọn àlejò pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Màmá jà, wọ́n sì sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì náà. Abẹ́ oòrùn ni wọ́n fi Màmá sí láti òwúrọ̀. Abẹ́ kánópì ni àga òfìfo àwọn ọ̀gá wà. Tẹniọlá, ọmọ wọn, fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún mi pé wọn kò jẹ́ kí ìyá òun kúrò níbẹ̀: “Ghán ní ka dúó, ọ̀gá ń bọ̀. Mo ní ìyá mi éè lè dúó mọ́. Ghán ní ka mọ́ ba àwòrán jẹ́.”

Nígbà tí Màmá ṣubú, áńbúláǹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Tẹniọlá sáré lọ bá a. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun na ọwọ́ dí i lọ́nà. “Ti ọ̀gá nìyẹn. Ẹ fi bọ́ọ̀sì yín gbé wọn.” Ọ̀gá náà kò tíì dé, orí kò sì fọ́ ọ. Bọ́ọ̀sì gbéra, áńbúláǹsì dúró síbẹ̀ ó ń retí aláìsàn tí ara rẹ̀ le.

Àwọn ọ̀gá Àkúrẹ́ wá bánikẹ́dùn o! Ẹ má sọ pé wọn kò wá. Àárín ọdún Igogo gan-an ni wọ́n yàn láti wá, pẹ̀lú fìlà gogoro àti gèlè tó tó òrùlé. Láníyì, àbúrò olóògbé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀ wọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣí fìlà. Ọdún là ń ṣe.”

“Ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“A mọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin lẹ kò mọ ẹni tó kú.”

Wọ́n bínú padà sínú ọkọ̀. Wọ́n ju òdòdó wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, “Màmá Veronica” ló wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ìgbà tí mo rí òdòdó yẹn ni òwe náà tó yé mi.

A kò fẹ́ òdòdó. Ẹ dá ọwọ́ Màmá Monica padà sórí pátákó yín, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn àti ti Ọ̀wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí alágbádá funfun yẹn wá sílé Màmá lásìkò Igogo tó ń bọ̀. Kó ṣí fìlà. Kó wo ojú Tẹniọlá, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì sọ ẹni tó rán an níṣẹ́ tó fi dènà áńbúláǹsì. Èmi ti mọ orúkọ rẹ̀. Mo kàn ń dúró kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni.