Fèrèsé Jalila ní Ọjọ́ Kẹrin

Ẹni tó bá ń wá ilé Jalila ní abúlé wa létí odò Naili, kó kàn máa tẹ̀lé òórùn búrẹ́dì. Láti kékeré ló ti ń po ìyẹ̀fun àlìkámà. Búrẹ́dì oòrùn ni tirẹ̀, èyí tí à ń tẹ́ sórí àwo amọ̀ pẹrẹsẹ, tí a ó gbé sí àgbàlá kí oòrùn mú un wú kó tó wọ ààrò. Jalila kì í kánjú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ó lè jókòó ti búrẹ́dì láti àárọ̀, kó máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn.

Fanus, ọkọ rẹ̀, ló ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jọ gbé. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ, wọ́n bá fi ara wọn ṣe ọmọ. Nígbà tó ku ọdún méjì kí Fanus kú, ikọ́ kan wọlé sí i láyà tí kò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló ń sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á fara ti ògiri. Ọjọ́ Ajé ló kú. Gbogbo ilé sunkún, àfi Jalila.

Ní ọjọ́ kẹta, àlùfáà a máa wá sílé olóòkú lọ́dọ̀ wa. Á gbàdúrà sórí omi, á wọ́n ọn káàkiri, wọn á ká ẹní ọ̀fọ̀ nílẹ̀, wọn á ṣí fèrèsé, kí ẹ̀mí tó ṣì ń rìn kiri inú ilé lè máa lọ sọ́dọ̀ Ẹni tó ni ín. Àlùfáà wa, Abúnà Makar, dé tòun ti tùràrí. Ó bá fèrèsé ní títì gbọin, Jalila sì jókòó sórí ẹní bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó wa, dìde, Abúnà ti dé," ni Nargis, ẹ̀gbọ́n Fanus, wí.

"Ẹ káàbọ̀, Abúnà. Ẹ padà wá lọ́la."

"Ọ̀la kẹ̀?" ni Abúnà bi í.

"Ọjọ́ mélòó ni Lasaru lò nínú ibojì kí Jésù tó pè é?"

"Mẹ́rin," ni Abúnà dáhùn.

"Ọ̀la ló pé mẹ́rin. Tí ẹ bá rán ọkọ mi jáde lónìí, tí Olúwa wá pè é lọ́la, ta ni yóò jẹ́ ẹ nínú ilé yìí?"

Nargis pàtẹ́wọ́. "Háà! Fanus fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ti kú o, ìwọ nìkan lo ò gbà!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Búrẹ́dì lásán, n kì í gbé e kúrò lóòrùn kí àsìkò rẹ̀ tó pé."

Abúnà Makar kò dàgbà ju ẹni tí Jalila ìbá bí lọ, síbẹ̀ bàbá wa ni Abúnà tí à ń pè é túmọ̀ sí. Ó gbé abọ́ omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Màá wá lọ́la, ọmọ mi," ló wí. Nargis pòṣé jáde.

Ní ọjọ́ kẹrin, Jalila gbálẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù Fanus sílẹ̀, ó bu tíì sínú ife rẹ̀. Ó sá búrẹ́dì sóòrùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń retí. Ooru mú, ojú rẹ̀ ń lọ. Ó dà bíi pé odò rọra wọ àgbàlá láìda omi kankan nù. Fanus dé pẹ̀lú àjẹ̀ léjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ dán bí ìgbà tó wá tọrọ Jalila níyàwó. Kò wúkọ́ rárá.

"Jalila, ìwọ lo pè mí?"

"Olúwa ni mo ní kó pè ọ́."

"Ó ti pè mí. Mo ti jẹ́ ẹ."

"Wọlé nígbà náà. Tíì rẹ ń tutù."

Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọ ẹnu ọ̀nà ni ikọ́ gbá a mú, tó ká a kò. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ikọ́ dáwọ́ dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n wọlé?"

Bó bá ní kó wọlé, á wọlé. Láyé rẹ̀, kò kọ nǹkan kan fún un rí. Ohun tó dun Jalila jù nìyẹn. Ó rántí àwọn arábìnrin Lasaru, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ẹnìkan ò sọ fún òun rí bí wọ́n ṣe tún sin Lasaru lẹ́ẹ̀kejì. Ó wù ú kí ọkọ rẹ̀ padà débi pé ó ti lanu láti sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Máa lọ, Fanus," ló sọ.

Nígbà tó lajú, búrẹ́dì ti wú kọjá àwo, ó ti ṣàn sílẹ̀. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé.

Abúnà àti Nargis bá a lórí ìdúró pẹ̀lú ẹní ní abíyá, ó ń sunkún kíkorò. Ìbínú Nargis rọ̀. "Olúwa ò wá ni, ìyàwó wa?"

"Ọjọ́ Ajé ló ti wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ó pè é, Fanus sì jẹ́ ẹ. Èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú."

Ó gbé abọ́ omi, ó fi lé àlùfáà lọ́wọ́. "Ẹ wọ́n ọn dáadáa, Abúnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri yẹn, níbi tó ti ń jókòó sùn."